Ọkọ̀ Ogun Méjìlá Ọlọ́dàn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ìjókòó ni ìkíni inú ọkọ̀"? Ẹ rọra o, ẹ má tíì dáhùn. Mo rí àwọn kan lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń mi orí bí alángbá, wọ́n fẹ́ sọ pé kí ọkọ̀ má baà dojú dé ni. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ohun tí òwe túmọ̀ sí kọ́ ni mò ń béèrè, ohun tó bí òwe ni mò ń béèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, omi wà ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì nígbà tó ń pa á, kì í sì í ṣe ẹni kékeré rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ẹ ó mọ ẹni náà.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dàn. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni. Ọba ibẹ̀, Ọlọ́dàn, ní ẹgbẹ̀ta ẹṣin, ibikíbi tí ilẹ̀ bá sì ti gbẹ, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Àwọn ará Ọ̀dàn mọ ìwà hù o, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ ọ́n hù jù. Bí olóyè bá dìde dúró, ẹni tó kéré sí i kò gbọdọ̀ jókòó, yóò na gbalaja sílẹ̀ ni. Bí ọba bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Bó bá wúkọ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Bó bá yán, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tí eruku kò bá sí láyà aṣọ rẹ̀ ní Ọ̀dàn, wọ́n á bi í bóyá àlejò ni.

Ìlú kan ṣoṣo ni apá Ọlọ́dàn kò ká, ìyẹn Omítòrò. Àwọn yẹn kọ́ ilé wọn sórí òpó igi láàárín ọ̀sà, ọwọ́ wọn sì ni gbogbo iyọ̀ ti ń wá. Lọ́dún kan, Ọlọ́dàn kó ẹgbẹ̀ta ẹṣin rẹ̀, ó ní òun ń lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ iyọ̀. Ẹṣin dé etí ọ̀sà, omi mù wọ́n dé ikùn, wọ́n dúró, wọn kò lọ mọ́. Àwọn ará Omítòrò wa ọkọ̀ jáde wá wò wọ́n. Wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ní, "Kábíyèsí o, ẹ kú ìrìn! Ẹ mà rìn jìnnà o!" Ẹnìkan nínú wọn sì ń jẹ ẹja lọ bó ṣe ń kí ọba.

Ọlọ́dàn kò tún sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́. Láti etí ọ̀sà títí dé Ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ létí Sárùmí, tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀. "Sárùmí, ṣé o rí wọn? Wọ́n jókòó kí mi! Èmi! Ẹnìkan tiẹ̀ ń jẹun lọ!" Nígbà tí wọ́n fi máa délé, ó ti pinnu. Òun náà yóò ní ọkọ̀ ogun, òun yóò sì gbé e lọ bá wọn lórí omi wọn, títí wọn yóò fi wólẹ̀ fún òun.

Ibi tí Mábinúorí ti kó sínú ọ̀rọ̀ náà nìyí, ó sì ń ṣe mí láàánú títí di òní. Agbẹ́kọ̀ ni, ó tún jẹ́ atukọ̀, ará abúlé kékeré kan létí ọ̀sà. Kò bá Ọ̀dàn jà rí, kò sì bá Omítòrò tan. Ẹja yíyan ló rù wá sí ọjà Ọ̀dàn jẹ́jẹ́ rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìránṣẹ́ ọba kan gbọ́ òórùn ọ̀sà lára aṣọ rẹ̀, ó bá di ààfin.

"Wàá gbẹ́ ọkọ̀ ogun fún mi," ni Ọlọ́dàn wí fún un, "wàá sì kọ́ àwọn ènìyàn mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Bí o bá gbé mi dé Omítòrò tí n kò ṣubú sómi, ọjọ́ náà gan-an ni wàá lọ sílé rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú sómi, ibùjẹ ẹṣin ni ilé rẹ títí ayé. Koríko ni wàá máa gé fún wọn."

Mábinúorí ti bá ẹṣin Ọ̀dàn pàdé lọ́nà ààfin. Ọ̀kan ti gé e jẹ léjìká. Ṣùgbọ́n ẹṣin kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti lóyún oṣù mẹ́ta nígbà tó kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ ni àṣà abúlé wọn sì ni pé bí bàbá ọmọ kò bá sí nílé ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bímọ, bàbá ìyàwó ni yóò sọ ọmọ náà lórúkọ. Bàbá ìyàwó yìí kò fẹ́ràn Mábinúorí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù méjì kọjá, ẹlẹ́ja kan mú ìròyìn wá láti ilé.

"Àna rẹ ń pariwo káàkiri pé o sá lọ," ni ẹlẹ́ja náà wí.

"Ṣé o kò sọ fún un pé ọba ló mú mi?"

"Mo sọ. Ó ní ọba wo ló máa rí ọ tó máa wù ú láti mú ọ. Ó ní bí wọ́n bá bí ọmọ yẹn, Bàbásálọ ni òun máa sọ ọ́."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Ọmọ tí kò tíì rí oòrùn, tí yóò máa jẹ́ Bàbásálọ títí irun yóò fi funfun lórí rẹ̀. Ọkàn Mábinúorí bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tó bá gbé àáké sókè, bí ẹni pé orúkọ yẹn ló ń gé ni.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò báyìí. Ẹ ń rò pé àárín ìlú ni wọ́n ti gbẹ́ ọkọ̀ náà, tí kò wá gba ẹnu odi jáde. Rárá o, ẹ lọ fi ìyẹn pàlọ́ fún àwọn ọmọ yín. Mábinúorí kì í ṣe òmùgọ̀. Etí odò ńlá tó ṣàn lọ sínú ọ̀sà ló ti gbẹ́ wọn, igi ìrókò ló fi gbẹ́ wọn, méjìlá ni wọ́n, ogójì ènìyàn sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àwọn ọmọ Ọ̀dàn náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Apá tó ti ń fa ìjánu ẹṣin láti kékeré, ẹ fún un ní àjẹ̀, kó máa wa omi, ẹ ó rí i bí ọkọ̀ yóò ṣe máa sáré. Nítorí náà, kì í ṣe ọkọ̀ ni kò dára, kì í ṣe agbára ni kò sí. Ìwà ọmọlúàbí wọn ló fẹ́ pa wọ́n.

Ọba fi Sárùmí ṣe olórí ọkọ̀ ogun, nítorí pé ta ni ì bá tún fi ṣe é? Sárùmí kò wọ ọkọ̀ rí. Ó ní òun kò ní jókòó sórí pákó bí ẹrù iṣu, ó ní kí wọ́n kan gàárì ẹṣin òun mọ́ iwájú ọkọ̀. Wọ́n kàn án. Ó gun orí rẹ̀, ó wọ kẹ́sẹ́ sẹ́sẹ̀, ó na àyà. Bí wọ́n ṣe dé àárín odò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí i pé ọkọ̀ ń lọ geere, inú rẹ̀ dùn, ó dìde dúró láti bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀dàn!" ni Sárùmí wí.

Kò tíì sọ ìkejì nígbà tí ọkùnrin méjìdínlógójì ju àjẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú ọkọ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan dọ̀bálẹ̀ lórí àwọn mìíràn, àwọn kan gbé àyà lé etí ọkọ̀, ọkọ̀ sì yí dà gbì. Agbádá Sárùmí ni Mábinúorí dìmú tó fi fà á gúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Mábinúorí wí nígbà tí Sárùmí pọ omi inú rẹ̀ tán. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó. Lójú omi, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ló bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀."

"Kí n wà ní ìdúró, kí ọmọ ẹnìkan jókòó kó máa wò mí?"

"Ẹ má dìde, bàbá."

"Bí n kò bá dìde, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èmi ni Sárùmí?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ní gàárì."

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ Sárùmí lọ́rùn. Kò dìde mọ́, wọn kò sì dọ̀bálẹ̀ mọ́, fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan nǹkan ń lọ dáadáa. Mábinúorí tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ méjèèjìlá jọ jáde pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mábinúorí àti Sárùmí wà nínú ọkọ̀ kan ní àárín odò, àwọn ọkọ̀ mọ́kànlá tó kù sì tò lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ odò. Lójijì, àwọn tó wà nínú wọn hó yèè, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ sókè, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ bọ̀ tagbáratagbára. Mábinúorí rò pé wọn yóò yà. Wọn kò yà.

"Bàbá Sárùmí, kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?"

"Wọ́n ń kí mi ni." Sárùmí tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Báyìí ni ẹlẹ́ṣin ṣe ń kí olórí rẹ̀ ní Ọ̀dàn. Yóò sáré bọ̀ wá bá a tààrà, ìgbà tí èémí ẹṣin bá kan aṣọ olórí ni yóò tó dúró. Bó bá ṣe súnmọ́ tó ni ọ̀wọ̀ náà ṣe pọ̀ tó."

"Kí ni wọ́n máa fi dúró?"

"Wọ́n á fa ìjánu."

"Ìjánu wo, bàbá?"

Sárùmí wo àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó wo ọwọ́ àwọn tó wà nínú wọn. Ọkọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló kí i tán pátá, ìkankan nínú wọn kò ṣàìkan an lára. Nígbà tí Mábinúorí tún wẹ̀ lọ bá a, Sárùmí fúnra rẹ̀ ló na etí agbádá sí i kó rí ibi dìmú.

Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi tún ọkọ̀ ṣe. Lójoojúmọ́ ni Mábinúorí ń ka oṣù Mosúnmọ́lá lórí ìka. Sárùmí ní tirẹ̀ kó gbogbo ọmọ ogun jọ sí etí odò, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Láti òní lọ, bí a bá ti wà lójú omi, ẹ má kí mi mọ́. Mo ti gbọ́ kíkí yín." Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí síbẹ̀.

Ó wá ku ti ọba. Ta ni yóò sọ fún Ọlọ́dàn pé kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ fún un? Òfin Ọ̀dàn ni pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ fún ọba, orí rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Mábinúorí bẹ Sárùmí pé kó bá òun sọ ọ́.

"Tèmi rọrùn," ni Sárùmí wí. "Àwọn ìyàwó mi pàápàá kì í kúnlẹ̀ fún mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ọba? Mo ní ọmọ nílé, Mábinúorí."

Mábinúorí rò ó títí, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ. Níkẹyìn, ó lọ bá Ọlọ́dàn, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. "Kábíyèsí," ló wí, "ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ yín tóbi, inú ọkọ̀ sì kéré. Bí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún yín níbẹ̀, ẹsẹ̀ á ká kò, orí á kọ́ lára igi, á wá dà bí ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tí inú ń run. Kò yẹ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ẹ tó wọkọ̀, kó máa dúró dè yín."

Ọlọ́dàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ọba tí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ fún rí. "Mélòó ló máa tó mi lọ?"

Mábinúorí àti Sárùmí jókòó tì í, wọ́n ń rò ó. Bí ọba bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá wúkọ́? Atẹ́gùn omi tutù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ. Bó bá yán, bó bá rẹ́rìn-ín, bó bá hanrun, bó bá tu itọ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó jẹ́ ogójì. Ọlọ́dàn ní kí wọ́n fi márùn-ún lé e nítorí ìbínú, nítorí òun mọ ara òun.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun máa ṣí, gbogbo ọmọ ogun tò sí etí odò, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, ẹ̀ẹ̀márùndínláàádọ́ta. Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó parí. Àwọn mìíràn kò lè dá dìde èyí tó kẹ́yìn, gbígbé ni wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀. Ẹnu ìgbà náà ni ẹlẹ́ja tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé, ó ti gba ọ̀nà àbùjá orí ilẹ̀ sáré wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mábinúorí, ìyàwó rẹ bí ọkùnrin níjẹta! Àna rẹ ti ra oyin ìsọmọlórúkọ!"

Bí wọ́n bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, òní di ọjọ́ kẹta. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni láti etí odò yẹn dé Omítòrò, ọjọ́ kan ààbọ̀ sì ni láti Omítòrò dé abúlé rẹ̀. Mábinúorí di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, ó ní kí wọ́n wa ọkọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́! Ọba sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò mira. Ọba wúkọ́, àwọn awakọ̀ kàn wo ara wọn, wọ́n ní, "Ìyẹn wà lára rẹ̀," wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn lọ. Ọba yán títí eyín inú lọ́hùn-ún fi yọ síta, ọkọ̀ kò mì. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ méjèèjìlá já sínú ọ̀sà, wọ́n tò lọ bí ọ̀wọ́ ẹyẹ, ó sì dára láti wò. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ yìí, mo gbà pé ó dára. Mábinúorí wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé wọ́n fi ipá mú un ni.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta gbáko pé, lọ́sàn-án, wọ́n dé Omítòrò. Ẹ má rò pé ẹ̀rù kò ba àwọn ará ibẹ̀ o. Àwọ̀n àti àjẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Olórí wọn, arúgbóbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ló wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde wá pàdé ọba. Ṣùgbọ́n ó wà ní ìjókòó.

"Kábíyèsí o, ẹ kú ojú omi."

"Wọ́n tún jókòó!" ni Ọlọ́dàn ké. "Ìwọ ìyá yìí, dìde níbẹ̀ kí o kúnlẹ̀! Kí gbogbo yín wólẹ̀! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó wó òpó ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Àwọn obìnrin Omítòrò ń yan ẹja lọ́jọ́ náà, lórí ààrò tó tó ọgbọ̀n. Bí ọba ṣe ń pariwo lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ yí padà, èéfín ẹja sì dojú kọ ọkọ̀ ogun. Mábinúorí, tí òun àti Sárùmí jọ wà nídìí ọkọ̀ ọba, rí i tí imú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ́pẹ́. Ó yára ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀: ọ̀rọ̀, ikọ́, yíyán, ẹ̀rín, híhanrun, itọ́, ìbínú.

"Bàbá Sárùmí," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé a ka sísín mọ́ ọn?"

"Sísín bíi ti báwo? Ọba kì í sín. Láti ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti gorí oyè, wọn kò sín rí."

"Bí wọ́n bá sín, kí ni wọ́n máa ń ṣe ní Ọ̀dàn?"

"Haà, ìyẹn ló tóbi jù! A óò dọ̀bálẹ̀, a óò yí sọ́tùn-ún, a óò yí sósì."

"Bàbá, ẹ wo imú wọn."

Sárùmí wò ó. Mábinúorí fò dìde, ó la ẹnu láti kígbe pé kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ọba ti ṣáájú rẹ̀.

"Hàà... hàtíṣì!"

"Kábíyèsí!" ni gbogbo ogun Ọ̀dàn hó, nínú ọkọ̀ méjèèjìlá, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Wọ́n yí sọ́tùn-ún. Àyè àtiyí sósì kò yọ mọ́.

Ọ̀sà gbé wọn mì, gàárì àti ọba àti ọ̀kọ̀ àti fìlà. Orí ló bá wọn ṣe é tí omi ibẹ̀ kò ju ọrùn lọ, tí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sì wa ọkọ̀ jáde kíákíá láti fi àwọ̀n kó wọn. Àwọn ọmọ Ọ̀dàn kan ṣì ń gbìyànjú láti yí sósì nínú omi, kó má di pé wọ́n jẹ ọba ní gbèsè. Wọ́n á ní "Kábíyè," omi á sì gba ìyókù.

Ọlọ́dàn kò ga. Mábinúorí ló wọmi lọ bá a, tó gbé e jáde pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ etí ọkọ̀ tó súnmọ́ jù. Ọkọ̀ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ni. Ìyá wo ọba tó rọ̀ dirodiro létí ọkọ̀ òun.

"Kábíyèsí," ni ìyá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n dìde kí n kúnlẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọjọ́ orí ni. Mo ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ báyìí."

Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, apá ibi tí ọba kọ́ sí gan-an ló sì gbé ara lé. Ọkọ̀ fì. Omi dé àgbọ̀n ọba. Ìyá tún gbé ìdí sókè díẹ̀ sí i. Omi dé ètè ọba.

"Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má kúnlẹ̀!" Omi ń jáde nímú ọba bó ṣe ń ké. "Ẹ má kí mi! Ẹ jókòó! Mo ní kí ẹ jókòó! Ìjókòó ni ìkíni inú ọkọ̀!"

"Kábíyèsí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo pa á láṣẹ!"

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún jókòó. Ó yí sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ọba ti wí." Ẹnu ọba ni òwe yẹn ti kọ́kọ́ jáde, ẹnu àwọn ará Omítòrò ló sì gbà dé etí yín lónìí.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò tíì parí, nítorí ọ̀rọ̀ Mábinúorí wà nílẹ̀. Wọ́n gbé ọba gorí pákó ìta ilé ìyá, wọ́n da aṣọ bò ó lẹ́bàá ààrò ẹja. Ó tún sín lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ọ̀dàn wo ara wọn lójú, wọ́n rò ó, wọ́n sì tẹ ìdí mọ́lẹ̀ gbì. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́dàn rí Mábinúorí.

"Mábinúorí," ló wí, "o rántí ohun tí mo sọ. Mo ṣubú sómi."

Mábinúorí rí ibùjẹ ẹṣin, ó rí koríko, ó rí ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè wá jẹun pé, "Bàbásálọ o!" Omijé lé sí i lójú. Ó wá dọ̀bálẹ̀ sórí pákó.

"Kábíyèsí, kí á má rí i," ló wí. "Ṣé ọba máa ń kú ni? Ọba ń wàjà ni. Báwo wá ni ọba yóò ṣe ṣubú? Bí ẹ bá ní ẹ ṣubú, n ó lọ sídìí ẹṣin, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ayé yóò máa sọ ọ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ Ọ̀dàn ló gbé ọba wọn sómi. Ní tèmi o, ohun tí mo rí ni pé oòrùn mú, Kábíyèsí sì wẹ̀."

Ọlọ́dàn wo Sárùmí. Sárùmí ṣì wà nínú àwọ̀n, ipẹ́ ẹja wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo Mábinúorí tó ti fi agbádá fà á yọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwẹ̀ ni, Kábíyèsí," ni Sárùmí wí. "Gbogbo wa la bá yín wẹ̀."

Ọba ronú, ó fa aṣọ bo ara. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ooru mú mi. Mo wẹ̀."

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, Kábíyèsí," ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wí láti orí àpótí rẹ̀, kò sì dìde.

Láti ọjọ́ náà ni Omítòrò ti ń wa iyọ̀ wá sí etí odò, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀dàn sì ń ṣọ́ ọ̀nà fún wọn títí dé ọjà. Ọkọ̀ ogun méjìlá yẹn di alágbára lóòótọ́ nígbẹ̀yìn, gbogbo ọ̀sà ń bẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n ará Omítòrò ló ń tù wọ́n. Ọmọ Ọ̀dàn tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n á bi í: "Ṣé o mọ ìjókòó jókòó?"

Mábinúorí kò dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn. Tọ̀sán tòru ló fi wa ọkọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, bí abúlé rẹ̀ ṣe yọ sí i, ó rí àwọn ènìyàn tó pé jọ sí ìta ilé rẹ̀. Àna rẹ̀ gbé ọmọ dání, ó ti tọ́ oyin sí i lẹ́nu, ó sì ń sọ fún ìjọ ènìyàn pé, "Orúkọ ọmọ yìí ni Bàbá..."

"Ẹ dúró!" ni Mábinúorí ké láti inú ọkọ̀. "Bàbá rẹ̀ dé!"

Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi fún ọkọ rẹ̀. Mábinúorí gba ọmọ náà ní ìjókòó tó wà, ó gbé e lé itan, ó wò ó títí.

"Jókòótọlá," ló wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Jókòótọlá?" ni àna rẹ̀ béèrè, ojú rẹ̀ le. "Ṣé o kò lè dìde kí o kí mi ná, ìwọ ọmọ yìí? Mo ṣì jẹ́ àna rẹ!"

Mábinúorí di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò kúrò lójú kan. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ló wí. "Ẹ má bínú sí mi. Ọba fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé ìjókòó ni ìkíni inú ọkọ̀."